Ọdún Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Ń Tọ́ Oúnjẹ Olóúnjẹ Wò

Rẹ̀mílẹ́kún Àjàgbé ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo tètè dárúkọ rẹ̀ kí ẹ má baà máa wá a kiri inú ìtàn yìí. Òun náà ló kọ́ mi níṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ṣe ń jókòó nílé oúnjẹ, tí a ó jẹun, tí a ó sì sọ òótọ́ ohun tí a jẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ ó rí i pé mi ò ní fi "wọ́n" pè é nínú ìwé yìí. Mo fi pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin méjì kan ládùúgbò mi ní Ìgàndò ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Wọ́n ń ya fọ́tò oúnjẹ sórí fóònù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ títí dọjọ́ ogbó. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lè gba orúkọ ẹni lọ́wọ́ ẹni láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nípa bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ọmọ tíṣà ni mí láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo gboyè nínú ìmọ̀ oúnjẹ, mo wá sí Èkó láti ṣe tíṣà bíi bàbá mi, mo sì bá ìwé ìròyìn Yorùbá ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan pàdé ní Dòpèmú tó ń wá obìnrin tó mọ̀wé, tí kì í sì í ṣa oúnjẹ jẹ. Owó oṣù kéré nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ṣì kéré nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ojú ewé kẹjọ ni tiwa. "Àwo Ọ̀sẹ̀ Yìí" ni àkọlé rẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ni à ń gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀: ṣé oúnjẹ wọn dáa, ṣé wọ́n ń ṣe ènìyàn bí ènìyàn, ṣé ohun tí wọ́n bù fúnni tó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìgbà yẹn ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí agbára wọn kò ká owó ilé láàárín ìgboro ló ń kó wá síbẹ̀. Tọkọtaya á jáde nílé ní ìdájí, kò ní sí ẹni tí yóò dáná ọ̀sán. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò jẹun níta rí wá di ẹni tó ń jẹun níta lójoojúmọ́. Irú wọn ló ń ka ojú ewé wa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n lè kó ìyàwó àti ọmọ jáde lọ jẹ oúnjẹ gidi, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan náà bàjẹ́.

Nísàlẹ̀ ojú ewé náà, gbólóhùn kan wà tí kì í yí padà: "Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́. Orúkọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa. Tí òǹkàwé bá jẹ oúnjẹ burúkú nítorí wa, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló ń bú. Orúkọ yẹn ló ń bú.

Àǹtí Rẹ̀mí, bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pè é, ló ń bójú tó ojú ewé náà. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó lè gbà pé oúnjẹ ló ń jẹ ṣiṣẹ́. Oṣù méjì àkọ́kọ́ tí mo fi ń tẹ̀ lé e kiri, kò jẹ́ kí n fẹnu kan nǹkan kan. Omi lásán ni mò ń mu. Òun á jẹun, èmi á máa wò. Tí a bá jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Ẹni tó gbé àwo wá, ṣé àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀? Omi ìgbà mélòó ni wọ́n fi ń ṣan abọ́? Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn wa, ṣé ó jẹ ẹran rẹ̀ tán àbí ó ṣẹ́ ẹ kù? Tí mi ò bá lè dáhùn, a ó padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, omi náà ni n ó sì tún mu.

Ní oṣù kẹta, ó gbà kí n jẹ ìrẹsì. Ìrẹsì funfun láìsí ọbẹ̀, nílé oúnjẹ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn olóúnjẹ ń wò mí tàánútàánú, wọ́n rò pé owó ọbẹ̀ ni mi ò ní. Obìnrin kan ní Ṣáṣá tiẹ̀ fẹ́ bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, Àǹtí sì fi ojú sọ fún mi pé kí n bo àwo mi. Lẹ́yìn ìkẹwàá ló tó bi mí pé kí ni mo rí.

Mo ní, "Ma, ti Ṣáṣá ló dùn jù."

"Mi ò bi ọ́ léyìí tó dùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ èyí tó dùn. Kí lo rí?"

Mo wá ń rò ó. Mo ní ti Ṣáṣá kò ní òkúta, wọ́n sì fi omi tó pọ̀ fọ̀ ọ́. Mo ní ti Akówonjo jóná nísàlẹ̀, wọ́n kàn fi omi pa òórùn rẹ̀ ni. Mo ní ti ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì wa, ti àná ni, wọ́n tún gbé e kaná ni. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ìyìn tó gùn jù tó yìn mí rí nìyẹn.

Àwọn òfin rẹ̀ ṣì wà lórí mi. Má lọ pẹ̀lú ebi, má sì lọ láyó. Lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkòkò, nígbà tí ìkòkò bá ti ń lọ sílẹ̀, àti lọ́jọ́ tí nǹkan kò bá rọrùn fún wọn, ìyẹn ọjọ́ òjò tàbí ọjọ́ tí kò síná. Fi ìka wọn ẹja, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìka mẹ́ta ni tàbí méjì ààbọ̀. Wo aago nígbà tí o bá jẹun tán, kí o sì tún wò ó nígbà tí ebi bá tún pa ọ́, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá owó rẹ lọ lásán. Béèrè ohun tí o mọ̀ pé wọn kò sè. Tí wọ́n bá ní "kò sí" lójú ẹsẹ̀, olóòótọ́ ni wọ́n. Tí wọ́n bá ní "ó ń bọ̀," tí o sì jókòó títí, kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí wọ́n má baà dá wa mọ̀, ìdìpọ̀ ìwé ọmọ ilé-ìwé ló máa ń gbé dání, á máa máàkì wọn lórí tábìlì bíi tíṣà. Ó ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí olóúnjẹ kan ní Akówonjo fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kọ́ ọmọ òun ní ìṣirò. Èmi ò ní ìwé máàkì. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti ń kọ tèmi sínú ìwé kékeré kan. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá títí dòní ló gbà pé inú ń yọ mí lẹ́nu nígbà èwe mi.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó máa ń tún sọ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí olóúnjẹ kan sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé mo jọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Àǹtí fà mí jáde kíá. Ó ní, "Ọjọ́ tí olóúnjẹ bá ti kí ọ káàbọ̀ bí àlejò, dìde, máa lọ. O ti kúrò ní oníbàárà. Ta ni wọ́n ń ṣe lálejò tó máa sọ fún onílé pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò dáa? Ìwọ Mojí, ṣé o lè sọ ọ́?" Mo ní mi ò lè sọ ọ́. Ó ní òun náà kò lè sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í jókòó.

Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kí ó tó ní kí n lọ jẹ tèmi, kí n kọ ọ́, kí n sì fi orúkọ ara mi sí i. Ilé oúnjẹ tó yàn fún mi wà ní Ìkòtún, kò jìnnà sí ọjà. Yàrá ńlá kan ni, tábìlì mẹ́sàn-án, ògiri rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Màmá Kẹ́mi ni wọ́n ń pe obìnrin tó ni ín. Mọ́ínmọ́ín inú ewé rẹ̀ ló gbé e lórúkọ, àwọn ènìyàn ń ti Ìyànà Ìpájà wá jẹ ẹ́.

Mo lọ lẹ́ẹ̀kíní, mo jẹ mọ́ínmọ́ín tí mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ rí: ó rọ̀, ó sì dì dáadáa, ẹyin wà níbi kan, ẹja wà níbi kejì. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì nírọ̀lẹ́, ó ṣì dáa. Ìgbà kẹta bọ́ sí ọjọ́ òjò, iná kò sì tíì dé fún ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Àǹtí Rẹ̀mí ní òun á bá mi lọ, kí òun wo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́.

A kò tíì wọlé tán tí Màmá Kẹ́mi ti jáde láti ìdáná. Mi ò mọ ẹni tó fi Àǹtí hàn án. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún méjèèjì, ilẹ̀ sì tutù rinrin, nítorí bàtà gbogbo àwọn oníbàárà ni omi òjò bá wọlé. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí wa oníwèé ìròyìn." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu àga fún un. Mo wo Àǹtí pé kí a máa lọ. Àǹtí jókòó. Mo ti ro ìdí rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Bóyá òjò ni. Bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ kí i ní ọ́fíìsì.

Màmá Kẹ́mi yọ mọ́ínmọ́ín méjì láti inú ìkòkò kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ewé ti Àǹtí, ó wá fa àga kan, ó jókòó síwájú wa, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wò ó.

Mo gé tèmi. Imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti kan. Kì í ṣe irú kíkan tí ènìyàn lè jiyàn lé lórí. Ẹ̀wà tí wọ́n ti lọ̀ láti àná ni, tó sùn nínú ooru láìsí fíríìjì. Ibi tí mo gé ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo fi díẹ̀ sẹ́nu nítorí pé òfin ni, mo sì wo Àǹtí. Ó ń jẹun. Ó ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi tán nínú ewé.

Màmá Kẹ́mi ní, "Àǹtí, ṣé ó dùn, ma?"

Àǹtí nu ẹnu. Ó ní, "Ó dùn púpọ̀, ìyá wa. Ẹ kú iṣẹ́."

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo tó lè sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àǹtí, mọ́ínmọ́ín yẹn ti kan."

"Tèmi kò kan."

"Ma, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti yọ méjèèjì."

"Mo ní tèmi kò kan, Mojí. Àbí ìwọ lo fẹ́ wá fi ahọ́n rẹ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ṣùgbọ́n mo kọ ohun tí mo jẹ. Mo yin ọjọ́ kìíní, mo yin ọjọ́ kejì, mo wá kọ ọ́ pé lọ́jọ́ kẹta mọ́ínmọ́ín ti kan, kí àwọn ènìyàn máa béèrè ìgbà tí wọ́n lọ ẹ̀wà kí wọ́n tó rà á, pàápàá tí kò bá síná. Mo fi lé Àǹtí lọ́wọ́ bí a ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde, mo ra ẹ̀dà mẹ́rin, mo fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti ṣí i. Gbólóhùn mi nípa ọjọ́ kẹta kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni: "Lọ́jọ́ kẹta, nínú òjò, ó tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mojísọ́lá Adéyẹyè." Mi ò fi ránṣẹ́ sí bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tíṣà obìnrin mẹ́jọ láti ìjọ wa ní Ìgàndò kó ara wọn lọ síbẹ̀. Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé ló ń fẹ̀yìn tì lára wọn, wọ́n sì fẹ́ ṣe é lóore. Nínú ojú ewé kẹjọ ni wọ́n ti kà nípa ibẹ̀. Inú wọn dùn pé ọmọ ìjọ wọn ló kọ ọ́. Gbogbo wọn ló jẹ mọ́ínmọ́ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, méje nínú wọn ti ń bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé ló burú jù, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù.

Obìnrin yìí ló ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà pẹ̀lú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló gbàdúrà fún mi nígbà tí mo ríṣẹ́. Nígbà tó padà délé, mo lọ kí i. Ó ti rù. Ó di ọwọ́ mi mú, kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀.

"Mojí, sọ fún mi. Ṣé o jẹ ẹ́ lóòótọ́?"

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́, ma."

"O sì rí i pé ó dùn?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Tí mo bá ní kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti pe ọ̀gá mi ní òpùrọ́ lójú ìjọ, ọmọ tí wọ́n sì kọ́ nílé kì í gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ jáde. Mo wo ilẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ó tún gbé ọdún mẹ́rìnlá láyé lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń kí mi dáadáa, tó ń béèrè àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ nǹkan kan tó ti ọwọ́ mi wá mọ́, kò tilẹ̀ mu omi mi.

Mo lọ bá Àǹtí pé kí ó jẹ́ kí a tún un kọ, kí àwọn ènìyàn mọ̀. Olóòtú pe àwa méjèèjì. Mo gbé ìwé kékeré mi kalẹ̀. Àǹtí ní òun jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tí òun jẹ kò kan. Pé tí ẹnu méjì bá jẹ ohun kan náà, tí wọn kò fẹnu kò, ti àgbà ni ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ gbé. Kò gbé ohùn sókè. Olóòtú wò mí, ó ní, "Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú yín? Ẹni tó ti ń jẹun fún wa lọ́dún mẹ́sàn-án, àbí ẹni tó dé lánàá?" Olóòtú ti kú. Mo ti dárí jì í díẹ̀.

Wọ́n gbé mi kúrò lójú ewé kẹjọ. Ìkéde òkú ni wọ́n fún mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wò ó bóyá wọ́n ṣi orúkọ òkú kọ tàbí ọjọ́ ìsìnkú.

Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ewé méjì ni, kì í ṣe ewé kan. Bóyá lóòótọ́ ni tirẹ̀ kò kan. Bóyá ahọ́n mi ló ṣìnà. Mo ra ẹ̀wà, mo lọ̀ ọ́, mo pín in sí abọ́ mẹ́fà, mo ń sè é lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, mo ń tọ́ ọ wò kí n lè mọ ìgbà tí ahọ́n mi ń kọ́kọ́ gbọ́ kíkan. Ọkọ mi ní ìyàwó òun ti fi òun sílẹ̀, ẹ̀wà ló ń fẹ́. Mo ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ahọ́n mi kò ṣìnà rí, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ òjò yẹn kò ṣeé tọ́ wò mọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ Àǹtí lọ sí Ìbàdàn, ó sì bá a lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ojú ewé kẹjọ. Wọ́n dá a padà fún mi. Èmi ni mo ṣe é títí tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo rí àyípadà tó pọ̀. Ewé kúrò lára mọ́ínmọ́ín, agolo ló dé. Agolo lọ, ọ̀rá dé, lẹ́yìn náà ike. Mo kọ̀wé sí i nípa ọ̀rá inú omi gbígbóná títí ó fi sú mi. Jẹnẹrétọ̀ dé, fíríìjì pọ̀, kíkan dínkù, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta wá di ohun tí kò ti àwọn olóúnjẹ lójú mọ́. Àwọn ilé oúnjẹ onígíláàsì dé sí Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ya àwòrán adìyẹ tó tóbi ju adìyẹ lọ sára ògiri, o sì gbọ́dọ̀ sanwó kí o tó rí ohun tí o rà. Ìyẹn da iṣẹ́ wa rú, nítorí pé ẹni tó ti sanwó tẹ́lẹ̀ kò lè ti àwo sẹ́yìn. Máníjà ọ̀kan nínú wọn dá mi mọ̀, ó pè mí ní màmá oníwọ̀bìà lójú gbogbo oníbàárà. Mo ṣì lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Adìyẹ wọn jinná, mo sì kọ ọ́ pé ó jinná. Mo tún kọ ọ́ pé máníjà wọn kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Kẹ́mi, ọmọ Màmá Kẹ́mi, ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure nígbà tí ó ku ọdún mẹ́fà kí n fẹ̀yìn tì. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ kí ó burú. Mo lọ nígbà òjò, mo lọ nígbà tí kò síná, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ wọn. Mọ́ínmọ́ín rẹ̀ dáa nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ ọ́ pé ó dáa. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní báyìí, ìràwọ̀ márùn-ún ni ẹ̀yin ń fi sórí fóònù. Mo mọ olóúnjẹ kan tó kó ọmọ rẹ̀ mẹ́rin àti gbogbo akọrin ìjọ rẹ̀ jọ kí wọ́n tẹ ìràwọ̀ fún un. Oúnjẹ ń gun ọ̀kadà wá bá yín nílé nínú ike, ẹ kò rí àtàǹpàkò ẹni tó bù ú. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo bá àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn sọ ni pé kí wọ́n yé gba ìpè. Olóúnjẹ á pè wọ́n, á tẹ́ tábìlì fún wọn, á fún wọn ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kò ní gba kọ́bọ̀, wọ́n á wá jókòó síwájú fóònù láti sọ pé ó dùn. Wọ́n ní kí ni kí àwọn tún sọ. Mo ní ìyẹn gan-an ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ Àǹtí Rẹ̀mí pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyá òun ti padà sí Èkó, ó wà lọ́dọ̀ òun ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ń béèrè mi. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n tó lọ.

Ọ̀sán ni. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti kéré, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé àgbà ni. Ó béèrè ọkọ mi, mo ní ó ti kú. Ó béèrè orúnkún mi, mo ní ó ń dùn mí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé ìrẹsì àti adìyẹ wá fún mi nínú abọ́ tó lẹ́wà. Mo ní kí ó má bínú, mi ò ní jẹun. Ó tún rọ̀ mí, mo tún kọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Tí mo bá jẹ oúnjẹ ilé yẹn, mo ti di àlejò wọn, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá kò sì ní lè jáde lẹ́nu mi. Àǹtí wo àwo náà bí wọ́n ṣe ń gbé e padà. Ó mọ̀.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Èyí tí ẹ jẹ ní Ìkòtún lọ́jọ́ òjò yẹn, ṣé lóòótọ́ ni kò kan?"

Kò bi mí pé Ìkòtún wo. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ dìde pé òun fẹ́ yẹra fún wa. Àǹtí ní kí ó má lọ, kí ó jókòó, kí ó gbọ́. Ó tẹ́ ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, èmi ló wò, kì í ṣe ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ó kan, Mojí. Bí mo ṣe fi í sẹ́nu ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ti kúnlẹ̀ sínú omi nítorí mi, ó wá jókòó, ó ń wò mí lẹ́nu, ojú tì mí láti tu ú. Mo gbé e mì, mo ní ó dùn. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ tó mọ ohun tí mo gbé mì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jẹ́ kí o bá mi jókòó jẹun mọ́."